Louis Kẹwàá, ọba Faransé tó lo ọdún kan ààbọ̀ péré lórí oyè: kí lẹ rí sí i?

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ àwọn ọba tí kò pẹ́ lórí oyè lọ́jọ́sí, ẹnì kan dárúkọ Louis Kẹwàá ti ilẹ̀ Faransé, ó ní òun ni èyí tó gbá bọ́ọ̀lù tán, tó mu wáìnì tútù, tó sì kú. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kọjá. Àmọ́ ó ń jẹ mí lọ́kàn pé ikú ọkùnrin yìí nìkan ni aráyé mọ̀.

Paris ni wọ́n ti bí i, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1289. Ìyá rẹ̀, Jeanne, ló ni ìjọba Navarre lẹ́bàá òkè Pyrenees. Nígbà tí ìyá kú ní 1305, Louis jogún Navarre, ọmọ ọdún 15 ni. Bàbá rẹ̀ ni Philippe Kẹrin tí wọ́n ń pè ní Arẹwà. Ẹwà nìkan kọ́ ló ní o. Òun ló lé àwọn Júù kúrò ní Faransé ní 1306, tó gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn. Òun ló kó àwọn Templar, ẹgbẹ́ jagunjagun ìjọ, ní 1307, tó sì dáná sun olórí wọn, Jacques de Molay, ní 1314. Ó ń dín fàdákà inú owó kù títí owó ìlú fi di yẹpẹrẹ. Lọ́dún tó máa kú gan-an, ó bu owó orí lé àwọn èèyàn nítorí ogun Flanders, ẹkùn kan ní àríwá. Ogun náà ò jà, wọ́n ní kó dá owó padà, ó kọ̀. Ni àwọn ọ̀tọ̀kùlú bá gbìmọ̀ pọ̀ láti ẹkùn kan dé èkejì pé àwọn ò gbà. Àárín rògbòdìyàn yẹn ni Philippe kú sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1314, ó gbé iná lé ọmọ lọ́wọ́.

Louis kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1316. Ọmọ ọdún 26 ni.

Èrò tèmi nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n ń pè é ní aláìgbọ́n, oníjàgídíjàgan, mi ò sì ní sọ pé ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n gbèsè ló jogún, ọ̀tá ló jogún, òjò ọdún náà ò sì dá. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni à ń rántí ni pé ó kú láìfi ọmọkùnrin sílẹ̀, nínú ìdílé tí bàbá ti ń fi oyè sílẹ̀ fún ọmọkùnrin láti ohun tó lé ní 300 ọdún láìjá.

Táíwò_Àgége kọ:

Bọ̀dá Òpìtàn, ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé òun ló dá tẹ́níìsì sílẹ̀? Mo ti rí i kà níbi púpọ̀.

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Rárá o. Eré náà, jeu de paume, ti wà kí wọ́n tó bí i. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, rákẹ́ẹ̀tì ò tíì dé. Ohun tí Louis ṣe ni pé gbígbá a níta gbangba ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn olórùlé fún un. Òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbá eré yìí. Nítorí náà, bí àwọn olólùfẹ́ tẹ́níìsì bá fẹ́ bọ baba ńlá kan, wọn ò jẹ̀bi.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n fá orí obìnrin kan, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ta ló ṣe é?

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ ṣeun, Màmá. Ìyẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

Philippe ní ọmọkùnrin mẹ́ta tó dàgbà: Louis, Philippe, àti Charles. Inú ìdílé Burgundy ló ti fẹ́ ìyàwó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Marguerite ni ti Louis, wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní 1305. Jeanne ni ti Philippe, Blanche ni ti Charles, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ni àwọn méjèèjì yìí. Philippe bàbá wọn tún ní ọmọbìnrin kan, Isabelle, òun ni wọ́n fi fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1314, Isabelle wá kí bàbá rẹ̀ ní Faransé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òun ti fún àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àpò owó kéékèèké tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára. Ìgbà tó tún rí àwọn àpò náà, ìbàdí ọkùnrin méjì ló ti rí wọn: Philippe àti Gautier d'Aunay, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, jagunjagun ẹlẹ́ṣin láti Normandy. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n máa ṣọ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí la mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Tour de Nesle, orúkọ ilé ìṣọ́ kan létí odò Seine ní Paris.

Wọ́n fìyà jẹ àwọn ọkùnrin méjèèjì títí wọ́n fi jẹ́wọ́, wọ́n sì pa wọ́n ní Pontoise ní oṣù Kẹrin 1314, ikú ẹ̀sín, níwájú ogunlọ́gọ̀. Wọ́n fá orí Marguerite àti Blanche, wọ́n kó wọn lọ sí Château Gaillard, ilé olódi tó wà lórí òkè létí Seine ní Normandy. Jeanne ní tirẹ̀, ẹ̀sùn pé ó mọ̀ tí kò sọ ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n tì í mọ́lé ní Dourdan, wọ́n dá a láre lẹ́yìn náà, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Jeanne yìí sọ́kàn, yóò di ayaba.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Háà. Ìyàwó ilé mẹ́ta, ọmọ ilé kan ló tú wọn fó. Isabelle yìí náà, ṣé kì í ṣe òun ló padà gba oyè lọ́wọ́ ọkọ tirẹ̀ níbẹ̀?

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Òun ni, Màmá. Ní 1327. Òun àti Mortimer, àlè rẹ̀.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Èmi ò sọ nǹkan kan o. 😂

Lọ́yà_Àkúrẹ́ kọ:

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi òfin, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà Louis ti bẹ̀rẹ̀. Ó di ọba, ìyàwó rẹ̀ ń bẹ lẹ́wọ̀n. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ni Jeanne tí Marguerite bí ní 1312, lẹ́yìn ohun tó sì ṣẹlẹ̀, ẹnu ti ń kùn pé ṣé ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ó nílò ìyàwó tuntun tó lè bí ọmọkùnrin. Ìgbéyàwó ìjọ ò ṣeé já bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Póòpù nìkan ló lè tú u.

Póòpù ò sì sí. Clement Karùn-ún kú ní oṣù Kẹrin 1314, àwọn kádínà jókòó wọ́n ń jà, ó di oṣù Kẹjọ 1316 kí wọ́n tó yan John Kejìlélógún. Ẹ wo ọjọ́ yẹn: gbogbo àkókò tí Louis lò lórí oyè Faransé, kò sí Póòpù kankan láyé tí ì bá fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀.

Marguerite kú lẹ́wọ̀n ní 1315. Àwọn kan ní òtútù ilé olódi yẹn ló pa á, àwọn kan ní wọ́n fún un lọ́rùn ni. Kò sí ẹni tó rí i. Ohun tó hàn sí gbogbo ayé ni pé ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Louis ti fẹ́ Clémence, ọmọ ọba láti ìdílé Anjou, ọba tí wọ́n ń pè ní ti Hungary ni bàbá rẹ̀, Naples ló sì dàgbà sí. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé e ládé ní Reims pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá sí kóòtù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi í ni pé ta ló jèrè nínú rẹ̀.

Táíwò_Àgége kọ:

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ ti dá a lẹ́jọ́ tán!

Lọ́yà_Àkúrẹ́ kọ:

Mi ò dá a lẹ́jọ́, mo bèèrè ìbéèrè ni. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ lóòótọ́ ni Enguerrand de Marigny, mi ò sì mọ ìdí tí Bọ̀dá Òpìtàn ò tíì fi dárúkọ rẹ̀.

Marigny ni gbogbo ayé ń wárí fún láyé Philippe. Ọmọ onílẹ̀ kékeré láti Normandy ni, ó gòkè títí ó fi di ẹni tó ń ṣàkóso àpò owó ọba. Charles de Valois, àbúrò Philippe, tó jẹ́ bàbá kékeré Louis, kórìíra rẹ̀ dé ọ̀run. Nígbà tí Louis jọba, kò sí owó nínú àpò. Ìtàn sọ pé Charles bi Marigny níwájú ọba pé níbo ni owó wà, Marigny sì dá a lóhùn pé ìwọ gan-an ni mo fún ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ kọ́ lèèyàn máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ ọba lójú, kó sì sùn nílé rẹ̀ lálẹ́.

Wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn jìbìtì kàn án. Wọ́n yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, ó péye. Louis fẹ́ kí wọ́n kàn lé e lọ sí erékùṣù Cyprus, kó máa gbé ibẹ̀. Charles rí i pé ẹran fẹ́ bọ́, ló bá gbé ẹ̀sùn mìíràn dé: ìyàwó Marigny àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ti fi ìda mọ ère èèyàn láti fi dí ọba lọ́wọ́. Ẹ̀sùn oògùn! Ó parí. Kò sí ìwé owó tó lè gbèjà èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn oògùn. Wọ́n yẹgi fún un ní Montfaucon lẹ́yìn odi Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1315.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ṣìkà. Louis kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ọmọ Marigny ní 10,000 livre, owó Faransé ìgbà yẹn. Charles de Valois náà, nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní 1325, ó ní kí wọ́n máa pín owó fún àwọn tálákà Paris kí wọ́n máa gbàdúrà fún Enguerrand àti fún Charles. Ó fi orúkọ ẹni tó pa ṣáájú tirẹ̀.

Àjàṣẹ́_Ilé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́, Porto-Novo, ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa tí a fi Faransé kàwé, orúkọ àwọn ọba wọ̀nyí ni wọ́n fi ń na wá létí nílé ìwé. Mo fẹ́ bá Bọ̀dá Òpìtàn jiyàn díẹ̀.

Ẹ ní ó jogún wàhálà. Mo gbà. Ẹ wo bó ṣe yanjú rẹ̀: gbogbo ẹkùn tó bá ti kígbe, ó ń kọ ìwé ẹ̀tọ́ fún wọn. Normandy gba tirẹ̀ ní oṣù Kẹta 1315, Burgundy gbà, Champagne gbà, Languedoc gbà. Ó ní owó bàbá òun ò ní bàjẹ́ mọ́, ó ní owó orí ò ní wá láìnídìí, ó ní wọn ò ní máa fi ìyà gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ẹlẹ́ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìjọba lórúkọ rẹ̀ ni àwọn bàbá kékeré. Ọkùnrin yìí ò ṣe ìpinnu kan tó jẹ́ tirẹ̀ rí, àfi ìgbà tó bá ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù.

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ó le jù bẹ́ẹ̀. Ọba tí kò lówó, tí kò ní ọmọ ogun àfi èyí tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú bá kó wá, kí ni kó fi bá wọn jà? Fífún wọn níwèé ló dá ọ̀tẹ̀ náà dúró. Àwọn ará Normandy sì di ìwé tiwọn mú gírígírí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe bébà lásán.

Àgbẹ̀_Ṣakí kọ:

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ti sọ̀rọ̀ ọba, ẹ ti sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ta ló bojú wo oko? Bọ̀dá Òpìtàn sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé òjò ò dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Láti ìgbà ìrúwé 1315 ni òjò ti ń rọ̀ ní àríwá Yúróòpù, kò sì dá jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àlìkámà wọn, èyí tó hù kò gbó. Èyí tó gbó, ó jẹrà lóko. Koríko tí wọ́n máa ń sá gbẹ fún ẹran ò gbẹ, ẹran ń kú. Bẹ́ẹ̀ wọn ò ní àká ọdún mélòó kan nílẹ̀, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ni àwọn mìíràn jẹ. Èyí tí kì í sí lọ́kàn èèyàn ni iyọ̀. Oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ omi òkun kí wọ́n tó rí iyọ̀ kó létí òkun. Oòrùn ò yọ, iyọ̀ di góòlù. Láìsí iyọ̀, báwo lẹ ṣe máa fi ẹran àti ẹja pamọ́ di ìgbà òtútù? Bí ẹran bá kú pàápàá, kò ṣeé tọ́jú. Ìyàn yẹn dé 1317, ó sì pa èèyàn lọ súà láti Faransé títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì.

Nínú ìyẹn ni ọba yín kó ogun lọ sí Flanders.

Táíwò_Àgége kọ:

Ẹ sọ tibẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ tibẹ̀.

Àgbẹ̀_Ṣakí kọ:

Robert, baálẹ̀ Flanders, kọ̀ láti tẹrí ba fún ọba tuntun. Louis kọ́kọ́ ní kí wọ́n má gbé ọkà lọ tà fún Flanders mọ́, kí ebi bá a bá wọn jà. Nígbà tí wọ́n dé e ládé tán, òun fúnra rẹ̀ kó ọmọ ogun lọ sí etí odò Lys, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Courtrai. Òjò ń rọ̀. Ẹrẹ̀ mu ẹṣin dé orúnkún, kẹ̀kẹ́ ẹrù rì, ẹṣin mélòó lẹ fẹ́ so mọ́ ọn kó tó lè wọ́ ọ? Oúnjẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun. Inú omi ni wọ́n ń sùn. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, ọba ní ká máa lọ ilé. Wọ́n dáná sun àgọ́ tí wọn ò lè rù, wọ́n sì padà láìrí ojú ọ̀tá. Ẹ̀rín lásán làwọn ará Flanders fi sìn wọ́n.

Ogun tí kò jà yìí ni owó gbogbo ará ìlú bá lọ. Ọba tó kọ́ òrùlé sórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò mọ̀ pé òjò ń pa ọmọ ogun?

Lọ́yà_Àkúrẹ́ kọ:

Ọ̀rọ̀ owó ogun yìí gan-an ló bí òfin tí gbogbo èèyàn fi ń yìn ín. Ọjọ́ 3 oṣù Keje 1315, ó kéde pé nípa òfin àdánidá, òmìnira ló yẹ kí wọ́n bí olúkúlùkù sí, àti pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìjọba àwọn òmìnira ni orúkọ ilẹ̀ òun ń jẹ́ (òmìnira ni franc, tó wà nínú orúkọ Faransé), kí ọ̀rọ̀ bá orúkọ mu. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ ọba lè bọ́.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e: kí wọ́n sanwó. Ó ní iye tó bá tọ́ ni, àmọ́ kí wọ́n san án. Ó ń wá owó Flanders ni.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń so àgbẹ̀ mọ́ ilẹ̀? Ṣé ẹrú ni wọ́n ni, tàbí ìwọ̀fà?

Lọ́yà_Àkúrẹ́ kọ:

Kò jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì gan-an, Mà. Ìwọ̀fà mọ gbèsè tó gbé e débẹ̀, bó bá san án, ó di tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, wọ́n bí wọn sínú rẹ̀ ni. Wọn kì í gbé wọn lọ tà lọ́jà ní tiwọn nìkan bí ẹrú. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin wọn bá fẹ́ fẹ́ ọkọ lórí ilẹ̀ olúwa mìíràn, wọ́n á sanwó kí wọ́n tó gbà fún un. Bí àgbẹ̀ bá kú láìní ọmọ tó ń bá a gbé, olúwa ilẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Ohun tí ọba ń tà fún wọn nìyẹn: ẹ̀tọ́ láti fi ogún sílẹ̀ àti láti fẹ́ ẹni tó wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló kọ̀ ọ́. Nínú ọdún ìyàn, ta ló ní owó tó máa fi ra òmìnira? Àwọn òṣìṣẹ́ ọba wá ń fipá gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá kọ̀.

Oṣù kan náà ló gba àwọn Júù tí bàbá rẹ̀ lé padà, ọdún 12 ló fún wọn. Bí wọ́n bá rí gbèsè àtijọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wọ́n, ìdá kan nínú mẹ́ta ni tiwọn, ìdá méjì di ti ọba. Ẹ wá sọ fún mi pé àánú ni.

Àjàṣẹ́_Ilé kọ:

Lọ́yà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìwé máa ń ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an.

Ní 1571, oníṣòwò kan kó àwọn ènìyàn dúdú wá sí Bordeaux láti tà. Ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ò gba ẹrú, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1700, àwọn ẹrú tí ọ̀gá wọn mú wá sí Paris láti erékùṣù Caribbean bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹjọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń borí. Lára ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí ni ìwé Louis Kẹwàá ti 1315 yìí. Ọba ń wá owó ogun, òun ló wá di ohun tí ẹrú fi gba ara rẹ̀ lẹ́yìn 400 ọdún.

Ìlú Paris nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o. Lásìkò kan náà, òfin mìíràn ni Faransé ń lò lókè òkun, Code Noir ti 1685, tó fọwọ́ sí níní ẹrú. Wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa gba etíkun tiwa níbí lọ sí Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, Ògún sì wà nínú vodou wọn títí di ìsinsìnyí. Ẹrú kan náà, tó bá fẹsẹ̀ tẹ Paris, ó lè di òmìnira, tó bá kù sí oko ìrèké, ẹran ni.

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún èyí. Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́ńdọ̀nù kọ:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti wáìnì.

Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù ní Vincennes títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ara gbóná, ó wọ inú ihò tútù kan lọ, ó gbé wáìnì tútù mu lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibà mú un, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń fi ojú ìṣègùn wò ó lónìí ń sọ nípa òtútù àyà, tàbí ìgbóná awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Wáìnì tútù kì í fa òtútù àyà o, kòkòrò ló ń fà á. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lára rẹ̀ kó tó jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọmọ ọdún 26 bá dé wọ́ọ̀dù wa lónìí pẹ̀lú irú rẹ̀, a ó fún un lóògùn apakòkòrò, a ó sì máa retí pé á rìn lọ sílé. Ní 1316, kò sí nǹkan kan.

Wọ́n tún ní májèlé ni.

Lọ́yà_Àkúrẹ́ kọ:

Mahaut ti Artois ni wọ́n fi kàn. Ìyá Jeanne ìyàwó Philippe àti Blanche ìyàwó Charles ni. Ìdí rẹ̀ rọrùn: bí Louis bá kú, ọkọ ọmọ rẹ̀ lóyè kàn. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n dá a láre ní 1317. Àmọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n dá a láre, ẹ̀yin náà ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Clémence ńkọ́? Ṣé ó bímọ?

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Màmá, ẹ ti kan ibi tó dùn mí jù. Nígbà tí Louis kú, Clémence wà nínú oyún. Gbogbo ilẹ̀ Faransé jókòó wọ́n ń wo ikùn obìnrin kan. Philippe, àbúrò Louis, di adelé. Ní oṣù Keje 1316 wọ́n ṣe àdéhùn: bó bá jẹ́ ọkùnrin ló bí, ọba dé. Bó bá jẹ́ obìnrin, wọn ò ní pinnu ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin Louis tán títí wọ́n á fi dàgbà.

Àárín oṣù Kọkànlá, ó bí ọkùnrin. Jean Kìíní. Láti inú ìyá ló ti jẹ ọba, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì lò láyé. Saint-Denis, ilé ìjọsìn tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí, ni wọ́n sin ín sí bí wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀. Kò sí ọba Faransé kankan tí àkókò rẹ̀ kúrú tó ti ọmọ yìí. Ẹnu kùn Mahaut lórí tiẹ̀ náà.

Philippe ò dúró dè ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1317, wọ́n dé e ládé ní Reims, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìlú lójú ẹsẹ̀ kí alátakò má bàa wọlé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló pe ìpàdé ńlá ní Paris, wọ́n sì fẹnu kò pé obìnrin kì í jogún adé Faransé. Òfin tí wọn ò mọ̀ rí kí wọ́n tó nílò rẹ̀. Òfin náà sì gbẹ̀san lára rẹ̀: ọmọbìnrin nìkan ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1322. Charles àbúrò rẹ̀ jọba, òun náà kú láìlọ́mọkùnrin ní 1328. Ìdílé parí, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Charles de Valois, ẹni tó pa Marigny. Ọmọ Isabelle, Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òun ló tọ́ sí nípasẹ̀ ìyá òun. Ẹ mọ ìyókù: 1337, ogun tó ju 100 ọdún lọ.

Táíwò_Àgége kọ:

Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan jáde lẹ́yìn náà tó ní òun ni ọmọ ọjọ́ márùn-ún yẹn, òun ò kú.

Òpìtàn_Ìjẹ̀bú kọ:

Giannino Baglioni, oníṣòwò ní Siena, Ítálì. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti pààrọ̀ òun pẹ̀lú ọmọ alágbàtọ́ kan kí wọ́n má bàa pa òun. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọba, ó ń kó ọmọ ogun jọ. Ẹ̀wọ̀n Naples ló kú sí. Mi ò bá a wí o, bí wọ́n bá sọ fún mi lọ́la pé èmi ni ọba Faransé, mo máa ronú sí i díẹ̀.

Ìyá_Ṣadé kọ:

Ọmọbìnrin Marguerite ni mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá kú lẹ́wọ̀n, bàbá kú, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ọkọ. Ibo ló gbà lọ?

Àjàṣẹ́_Ilé kọ:

Màmá, kò bọ́ sọ́nù o. Wọ́n ní Louis sọ nígbà tó ń kú lọ pé ọmọ òun ni Jeanne. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Eudes, àbúrò ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olórí Burgundy, kọ́kọ́ jà fún un, àmọ́ Philippe fi ọmọbìnrin tirẹ̀ fún un ṣaya, ó sì dákẹ́. Wọ́n fi Jeanne fún ìbátan rẹ̀, Philippe d'Évreux. Wọ́n fi owó àti ilẹ̀ dí i lẹ́nu.

Navarre ò mọ òfin tuntun Paris yẹn ní tiwọn. Nígbà tí Charles kú ní 1328, wọ́n ní obìnrin ti jọba lórí àwọn rí, ìyá bàbá Jeanne ni, kí wọ́n mú un wá. Wọ́n dé e ládé ní Pamplona ní 1329, ó sì wà lórí oyè títí àjàkálẹ̀ àrùn fi mú un lọ ní 1349. Charles ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn rẹ̀: ó ba ìjọba àwọn Valois jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Charles Ìkà títí dòní.